Yíyan Sípíkà fún Inú Ilé

Ní ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà ta rédíò láti ojúlé dé ojúlé ní ìlú Èkó. Àpótí kékeré kan ni wọ́n ń gbé wá fún ẹni tí ó bá san owó rẹ̀. Àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kò sì dúró gba èsì. Ẹni tí ó ni àpótí náà kò ní ohun kan tí yóò yàn. Èyí tí wọ́n bá gbé wá ni yóò gbọ́. Lóde òní, ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá wọ ìsọ̀ àwọn tí ń ta ẹ̀rọ orin yóò bá oríṣi sípíkà méjì níwájú rẹ̀. Èkíní kì í sábà ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lọ, orí nǹkan mìíràn ni a sì ń gbé e lé: sípíkà orí pẹpẹ ni èyí. Èkejì ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó sì dúró gangan ní ilẹ̀ bí ọmọ tí a ní kí ó má ṣe mira: èyí ni sípíkà adúrónílẹ̀.

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé èyí tí ó ga ni ó dára jù, àti pé àìlówó lọ́wọ́ ni ó ń mú ènìyàn ra èyí tí ó kéré. Èrò yìí ti mú kí àwọn mìíràn fi owó tí wọ́n làágùn kó jọ ra ariwo. Kí ènìyàn má baà bọ́ sínú irú àdánù bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó mọ iṣẹ́ tí sípíkà ń ṣe.

Ní iwájú sípíkà ni abọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí a fi pépà tàbí ike ṣe. A so wáyà tín-ín-rín tí a wé rogodo mọ́ ẹ̀yìn abọ́ náà, a sì fi irin òòfà yí wáyà náà ká. Nígbà tí iná mànàmáná bá ti inú ampilifáyà wá gba inú wáyà yìí kọjá, òòfà a máa tì í síwájú, a sì máa fà á sẹ́yìn. Báyìí ni abọ́ náà yóò ṣe máa ti afẹ́fẹ́ lọ bọ̀, gẹ́gẹ́ bí awọ ìlù ti ń ṣe nígbà tí ọ̀pá bá kàn án. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Chester Rice àti Edward Kellogg, ni wọ́n ṣe àlàyé irú sípíkà yìí fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ọdún 1925, ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ náà sì ni èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú àwọn sípíkà ayé ṣì ń tọ̀ títí di òní.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró ti àwọn onídùndún rí mọ̀ pé gúdúgúdú kò lè dún bí ìyáàlù, bí ó ti wù kí onílù náà lágbára tó. Bí ti sípíkà náà ti rí nìyẹn. Ohùn òkè kò béèrè ohun púpọ̀. Abọ́ tí kò fẹ̀ ju ínṣì kan lọ lè mú un jáde. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń jẹ agbára. Bí abọ́ kan bá ń gbọ̀n ní ìgbà 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a sì fẹ́ kí ó máa gbọ̀n ní ìgbà 40 láìjẹ́ kí dídún rẹ̀ dínkù, ìlọ́po mẹ́rin ìrìn rẹ̀ àtẹ̀yìnwá ni yóò máa rìn síwájú sẹ́yìn. Okùn tí ohùn rẹ̀ wọlẹ̀ jùlọ lára gìtá báàsì, irú èyí tí àwọn onijùjú ń ta, ń gbọ̀n ní ìgbà 41. Ọ̀pọ̀ sípíkà orí pẹpẹ ni agara ti ń dá kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀. Adúrónílẹ̀ ní tirẹ̀ sábà máa ń ní abọ́ méjì tàbí mẹ́ta fún iṣẹ́ yìí, àyè sì wà nínú ikùn rẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

Síbẹ̀, ọgbọ́n ti mú kí àpótí kékeré ṣe ju bí a ti rò lọ. Ní ọdún 1954, Edgar Villchur àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Henry Kloss, dá ilé iṣẹ́ Acoustic Research sílẹ̀ ní ìlú Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ojúlówó ohùn ìsàlẹ̀ ní láti wá àyè fún àpótí ràgàjì nínú ilé rẹ̀. Villchur dí àpótí tirẹ̀ pa pátápátá, ó sì fi afẹ́fẹ́ tí ó há sínú rẹ̀ ṣe sípíríǹgì fún abọ́ náà. Láti ìgbà náà ni a kò ti fojú tẹ́ńbẹ́lú sípíkà orí pẹpẹ mọ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kì í pa ìṣirò run. Josef Anton Hofmann, tí òun àti Kloss wà lára àwọn tí ó dá ilé iṣẹ́ mìíràn, KLH, sílẹ̀ ní ọdún 1957, fi hàn pé ohun mẹ́ta kò lè péjọ sí ara sípíkà kan: kí àpótí rẹ̀ kéré, kí ohùn rẹ̀ wọlẹ̀, kí ó sì máa dún sókè pẹ̀lú agbára díẹ̀. Ẹni tí ó bá mú méjì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbí, ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a ìbá máa ra adúrónílẹ̀. Ṣùgbọ́n etí kì í gbọ́ sípíkà nìkan. Ó ń gbọ́ yàrá pẹ̀lú. Ìgbì ohùn tí ń gbọ̀n ní ìgbà 40 gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 28. Bí yàrá bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 14, ìdajì ìgbì náà ni yóò gbà á. Ohùn náà yóò lọ, ògiri yóò ta á padà, èyí tí ń lọ yóò sì máa pàdé èyí tí ń bọ̀. Ẹni tí ó fẹ̀yìn ti ògiri yóò máa gbọ́ ọ kìkìkì, nígbà tí ẹni tí ó jókòó sí àárín gbùngbùn yàrá lè máà fẹ́rẹ̀ gbọ́ ọ rárá. Sípíkà tí ó lè sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀ ni ó ń jí ìyọnu yìí dìde. Èyí tí kò lè dé ibẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rárá.

Ohun mìíràn tún wà tí ó kan àwọn ilé wa ní pàtàkì. Ọ̀pọ̀ nínú ìmọ̀ràn tí a ń kà nípa sípíkà ni àwọn ará Amẹ́ríkà kọ, pákó àti páálí fífẹ́ ni a sì fi ṣe ògiri inú púpọ̀ nínú ilé wọn. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ a máa gbọ̀n díẹ̀, a sì máa jẹ́ kí lára ohùn ìsàlẹ̀ sá jáde. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn tí ó bá bọ́ sáàárín rẹ̀ ti bọ́ sí àtìmọ́lé, pàápàá bí táìlì bá wà ní ilẹ̀ tí kò sì sí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹni tí ó gbé adúrónílẹ̀ méjì sí pálọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12, tí ó sì fi ẹ̀yìn wọn ti ògiri. Ògiri yóò fi kún ohùn ìsàlẹ̀, igun ilé yóò tún fi kún un, ohùn gìtá báàsì yóò sì bo ìyáàlù mọ́lẹ̀. Ìyáàlù ń ki olówó, ó ń pa òwe, ó ń bú ẹni tí ó yẹ ní bíbú. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ náà ní owó iyebíye kò mọ ohun tí ìlù ń sọ.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ. Ohùn ọkùnrin tí ń sọ̀rọ̀ kì í sábà wọlẹ̀ ju ìgbà 80 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sípíkà orí pẹpẹ tí ó dára sì lè gbé e láìlàágùn. Ní àwọn ọdún 1970, ilé iṣẹ́ BBC ní Ìlú Ọba ṣe kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ LS3/5A, fún lílò nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ètò ní ìta. Gíga rẹ̀ kò ju ínṣì 12 lọ. Kí ohùn ọ̀rọ̀ lè jáde bí ó ti rí gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é, àwọn olùfẹ́ orin sì ń wá a kiri títí di ìsinsìnyí.

Orúkọ sípíkà orí pẹpẹ ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Bí a bá tì í sáàárín ìwé lórí pẹpẹ lóòótọ́, ohùn rẹ̀ yóò di bí ti ẹni tí ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Orí ẹsẹ̀ irin tàbí ti igi ni ó yẹ kí ó wà, kí abọ́ kékeré tí ń mú ohùn òkè jáde dọ́gba pẹ̀lú etí ẹni tí ó jókòó. Nítorí náà, àyè tí àwọn ènìyàn sọ pé ó ń dá sí kò pọ̀. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ náà gbà fẹ́rẹ̀ tó ti adúrónílẹ̀, owó ẹsẹ̀ náà sì tún wà lọ́tọ̀.

Ẹni tí pálọ̀ rẹ̀ bá gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó ṣí sí yàrá ìjẹun, tí ẹbí sì ń pé jọ síbẹ̀, ni adúrónílẹ̀ tọ́ sí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fi agídí mú sípíkà kékeré kún gbogbo ilé, wáyà inú rẹ̀ lè gbóná títí yóò fi jóná. Kí olùrà ṣọ́ra, ṣá o, fún adúrónílẹ̀ olówó pọ́ọ́kú. Pákó púpọ̀ ni a ó fi ṣe é, owó abọ́ àti ti òòfà ni a ó sì dínkù. Kí ó fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ àpótí náà. Bí ó bá dún gbọlọgbọlọ bí agolo òfìfo, kí ó wá nǹkan mìíràn. Ní iye owó kan náà, orí pẹpẹ ni ó sábà máa ń dára jù.

Kí olùrà mú orin tí ó mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní àmọ̀dunjú lọ sí ìsọ̀, kí ó sì bẹ̀ wọ́n, bí wọ́n bá gbà, kí ó gbé sípíkà náà dé ilé fún ọjọ́ méjì. Orí àga tí ó máa ń jókòó sí ni kí ó ti gbọ́ ọ. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá pọ̀ jù, kí ó kọ́kọ́ fa sípíkà náà kúrò lára ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì, kí ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bí ó bá ní i, kí ó sì tún orin náà gbọ́, kí ó tó dá a padà fún ẹni tí ó tà á.