Ìdérí Táǹkì Ọkọ̀ Tó Ń Kó Ọjà Wa

Ẹlòmíràn lè wí pé kí ló kan obìnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ nínú ọ̀rọ̀ ìdérí táǹkì. Ó kàn wá o. Kò sí ẹrù tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Fálàwò tàbí ọjà Awólọ́wọ̀. Tẹ́ ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ àwọn ọkọ̀ tó ń ná Ṣàgámù sí Ìkẹ́nnẹ́, sí Ìjẹ̀bú Òde, sí Èkó, níbi tí wọ́n ń gbà rọ epo sí i, ẹ ó rí i pé àkísà ni wọ́n fi dí òmíràn. Òmíràn, náílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi okùn so mọ́ ọn lẹ́nu.

Bẹntiróòlù kò dà bí epo pupa tàbí òróró. Bẹ́ ẹ bá bu u sínú abọ́ tẹ́ ẹ ò dé e, kílẹ̀ tó ṣú, ó ti dín, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ. Ohun tó sì ń fẹ́ lọ yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí, nítorí náà kì í gòkè bí èéfín, ilẹ̀ ló ń fà gbà títí yóò fi bá iná pàdé: àdògán obìnrin tó ń dín àkàrà ní gáréèjì, sìgá kọ̀ndọ́kítọ̀, jẹnẹrétọ̀ ẹni tó ń lọ ata. Àwa tí à ń gbé nítòsí Mosimi, tí NNPC kọ́ ibùdó epo sí, tí à ń rí ọkọ̀ agbépo lójoojúmọ́, kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún wa. Gbogbo wa la gbọ́ ti Majiya ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ní 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2024: ọkọ̀ agbépo ṣubú, àwọn èèyàn lọ ń gbọ́n epo, iná sọ, àwọn tó kú lé ní 140.

Rọ́bà róbótó kan wà nínú ìdérí, òun gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti gan tàbí tó sán, bó o rọ ìdérí náà títí ọwọ́ fi bó, epo á máa jáde. Bí dírẹ́bà bá wá rọ táǹkì kún dẹ́nu, tó ń yí kọ́nà, epo á máa kán sílẹ̀. Owó ni o. Láti 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà tó wà lábẹ́ ₦200 fò dé bíi ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ta lẹ rò pé yóò san èyí tó dà sí títì? Orí owó ẹrù wa ni wọ́n ń gbé e lé.

Ti ẹrù gan-an ló dùn mí jù. Gààrí, ẹja, búrẹ́dì, obì, gbogbo wọn ló ń fa òórùn mọ́ra. Ẹlẹgbẹ́ wa kan gbé gààrí àpò mẹ́ta sẹ́yìn bọ́ọ̀sì kan, nítòsí ibi tí àkísà wà. Nígbà tó débẹ̀, oníbàárà bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbé e símú, ó dà á padà. Ẹ sá a sóòrùn, ẹ fẹ́ ẹ, òórùn bẹntiróòlù kì í tètè lọ. Àwọn Gàm̀bàrí tó ń ra obì ní Sábó kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà, wọ́n á kàn lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Òjò náà ń bẹ. Omi tó bá wọlé wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ táǹkì ló ń jókòó sí, ibẹ̀ sì ni ẹ́ńjìnnì ti ń fa epo. Ọkọ̀ á máa gbọ̀n, á kú lójú ọ̀nà. Lásìkò ọyẹ́, eruku ló ń wọ̀ ọ́, táá sì dí ohun tó ń sẹ́ epo.

Ìdérí tó le jù náà ní wàhálà tiẹ̀. Bí epo ti ń lọ, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rọ́pò rẹ̀. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, ihò kékeré inú ìdérí ló ń gbà wọlé. Tí wọ́n bá fi náílọ́ọ̀nù dí i pinpin, ọkọ̀ á ṣáà máa kú. Tí wọ́n bá ṣí i, ẹ ó gbọ́ “fúùù”, ọkọ̀ á tún ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ṣe láti bíi ọdún 1996, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ lè mọ̀ pé táǹkì ń jò, yóò tan iná tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì. Kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí mẹkáníìkì tú nǹkankan, ẹ lọ rọ ìdérí dáadáa, ẹ jẹ́ kó dún kẹ́kẹ́kẹ́. Iná náà kì í kú lójú ẹsẹ̀, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan tẹ́ ẹ fi wà á. Tí kò bá kú, tàbí tó ń ṣẹ́jú, ẹ wá mẹkáníìkì lọ, nítorí ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ló ń tan iná yẹn.

Kẹ́ ẹ tó di ẹrù, ẹ yí ọkọ̀ po. Tẹ́ ẹ bá rí àkísà, ẹ sọ fún dírẹ́bà, ẹ pè é ní bàbá, ẹ má bú u. Tó bá kọ̀, ẹ gbé ẹrù sínú ọkọ̀ tó kàn. Ẹni tó ń lọ rà á, kó mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta pátì, kó fi wọn ara wọn, kó yẹ rọ́bà inú rẹ̀ wò kó tó sanwó.