Oúnjẹ, Omi àti Òṣùwọ̀n: Àyẹ̀wò Ìmúrasílẹ̀ Oníjà Àdàpọ̀

1. Ìfáàrà

Ìjà àdàpọ̀ ni eré ìdárayá tí ó da ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ìpá títa àti ìjàkadì pọ̀ sójú kan. Kí alágbára ńlá má baà tẹ ẹni kékeré rẹ́, ìwọ̀n ara ni a fi ń pín àwọn oníjà sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Bí àpẹẹrẹ, Israel Adesanya, tí a bí ní Èkó ní 1989, di olúborí UFC ní 2019 ní ìsọ̀rí tí ìwọ̀n oníjà kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí kìlógíráàmù 84 lọ.

Àṣà tí ó gbòde ni pé a máa ń gbé oníjà lé òṣùwọ̀n ní nǹkan bí ọjọ́ kan ṣáájú ìjà. Àyè yìí ni ọ̀pọ̀ ń lò: wọn a fa omi ara wọn gbẹ kí wọ́n lè bọ́ sí ìsọ̀rí tí ó kéré sí tiwọn, wọn a sì tún rọ omi náà padà kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Èrò tí bébà yìí gbé kalẹ̀ ni pé oúnjẹ tí a fi sùúrù ṣètò ni ó yẹ kí a fi dín ìwọ̀n ara kù, kì í ṣe omi. Àti pé ọgbọ́n oníjà nìkan kò lè fi òpin sí àṣà yìí láìsí òfin.

2. Iṣẹ́ omi nínú ara

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Ṣùgbọ́n oníjà tí ó fẹ́ gun òṣùwọ̀n a máa sọ ọ́ di ọ̀tá fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ju ìdajì ìwọ̀n ara ènìyàn lọ tí ó jẹ́ omi. Omi ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn dáadáa, òun náà ni ó ń di òógùn tí ń tu ara lára. Bí ó bá dín kù, ẹ̀jẹ̀ a dín kù, ọkàn a máa yára lù, ooru a há sínú ara, kíndìnrín a sì wà nínú ewu. Bí omi tí ènìyàn pàdánù bá ti tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀, agbára ìfaradà rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn. Fún oníjà kìlógíráàmù 84, èyí kò tó kìlógíráàmù méjì.

Ó yẹ kí a tún kíyè sí i pé òṣùwọ̀n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá àti omi. Gíráàmù kọ̀ọ̀kan nínú okun tí iṣan ara fi pamọ́ láti inú oúnjẹ afúnnilókun ni ó ń fa nǹkan bí gíráàmù mẹ́ta omi mọ́ra. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣíwọ́ iṣu àti ìrẹsì yóò rí i pé òṣùwọ̀n yára wálẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá rẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀.

3. Ẹ̀rí láti inú ìtàn

Ní ìparí ọdún 1997, oníjàkadì mẹ́ta ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà kú láàárín oṣù kan ó lé díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fa omi ara wọn gbẹ. Ní 1998, NCAA fi òfin de yàrá ooru àti aṣọ rọ́bà, ó sì mú àkókò wíwọn ara súnmọ́ àkókò ìjàkadì. Ní oṣù Kejìlá 2015, Yang Jian Bing, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, ẹni ọdún 21, kú ní Manila nígbà tí ó ń múra ìjà ONE Championship. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà fòfin de fífa omi gbẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìtọ̀ àwọn oníjà wò.

4. Ọ̀nà tí ó tọ́

Ìmúrasílẹ̀ tí ó yè kooro a máa gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kí ìwọ̀n ara máa fi ìdajì sí kìlógíráàmù kan dín kù lọ́sẹ̀ ti tó. Oúnjẹ amúaradàgbà, bí ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà, ni kì í jẹ́ kí iṣan bá ọ̀rá lọ, gíráàmù 1.6 sí 2.2 fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni ó tọ́. Kí oníjà má ṣe pa oúnjẹ afúnnilókun tì. Kí ó jẹ ẹ́ ní àkókò tí ó súnmọ́ ìdánrawò.

Kí ó wọn ara rẹ̀ ṣáájú ìdánrawò àti lẹ́yìn rẹ̀. Fún kìlógíráàmù kan tí ó bá òógùn lọ, kí ó fara balẹ̀ mu lítà kan ààbọ̀, kí iyọ̀ sì wà nínú ohun tí ó ń jẹ tàbí tí ó ń mu, nítorí pé omi lásán ní àmujù a máa sọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ di ṣákálá. Lẹ́yìn òṣùwọ̀n, omi oníyọ̀ àti ṣúgà, irú èyí tí àwọn ìyá fi ń tọ́jú ọmọ tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ni ó yẹ kí ó ṣáájú, kí oúnjẹ tí ó tètè dà tó tẹ̀lé e.

5. Ìgúnlẹ̀

Àwọn kan lè sọ pé oníjà tí kò bá fa omi gbẹ yóò bá ẹni tí ó tóbi jù ú lọ pàdé. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro náà wà. Níwọ̀n ìgbà tí alátakò bá ń fa omi tirẹ̀ gbẹ, ẹni tí ó bá ṣe ohun tí ó tọ́ ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n òfin tí ó de gbogbo oníjà pọ̀, bí irú ti 1998, ni yóò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà ṣeé tẹ̀lé.