Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì Mẹ́wàá Tó Ń Dá Àríyànjiyàn Sílẹ̀ l'Ékòó

Ìròyìn pé LASEPA, àjọ tó ń rí sí ààbò àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, tún ti ilé ìjọsìn tàbí ilé fàájì pa nítorí ariwo kì í ya ará Èkó lẹ́nu mọ́. Lọ́dún 2016, ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́sáláṣí 20 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà tì. Ohun tó máa ń tẹ̀lé e ni àríyànjiyàn. Òfin ní ariwo àdúgbò tí èèyàn ń gbé kò gbọdọ̀ ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 55 lọ lọ́sàn-án, kò sì gbọdọ̀ ju 45 lọ lóru. Ẹni tí wọ́n bá wá ká 65 mọ́ lọ́wọ́ lè bi wọ́n pé: ṣé torí mẹ́wàá péré yìí náà ni?

Mẹ́wàá yẹn kọjá péré. A kì í ka dẹ́síbẹ́ẹ̀lì bí ẹni ń ka náírà. Ìgbàkígbà tí a bá fi mẹ́wàá kún un, agbára ìró náà á di ìlọ́po mẹ́wàá. Agbára 65 jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ti 55, ti 75 jẹ́ ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ti 85 sì di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Etí gan-an kò ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, torí ohun tí agbára rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá, bí ìlọ́po méjì ló ń dún létí ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ìdí tí wọ́n fi ṣètò rẹ̀ báyìí kò ṣòroó mọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń fún pọ̀, tó tún ń tú ká, nígbà tí nǹkan kan bá gbọ̀n, ni ìró. Èyí tó kéré jù tí etí tó jí pépé lè gbọ́ ni wọ́n pè ní òdo. Èyí tó ń ta etí lára wà ní nǹkan bí 120. Agbára ìkejì jẹ́ ìlọ́po tírílíọ̀nù kan agbára ìkíní. Ta ni yóò máa kọ òdo méjìlá sílẹ̀ lójoojúmọ́?

Àwọn ẹnjiníà tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà ló gbé ìwọ̀n náà jáde ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí wọ́n ń wá bí wọn yóò ṣe mọ iye tí ohùn ń dín bó ṣe ń rin wáyà lọ. Wọ́n fi sọrí Alexander Graham Bell, ẹni tó gba ìwé àṣẹ tẹlifóònù lọ́dún 1876. Ọ̀rọ̀ etí kò jìnnà sí ilé ọkùnrin yìí. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ràn, àìsàn ti sọ Mabel ìyàwó rẹ̀ di adití láti kékeré, òun alára sì ń kọ́ àwọn adití níwèé. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo adití ló ń kan sáárá sí i títí dòní, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n máa fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ nílé ẹ̀kọ́.

Nínú etí, ìró á gbọn awọ ìlù etí, egungun kéékèèké mẹ́ta á sì gbé e wọ inú lọ́hùn-ún, níbi tí omi wà. Nǹkan bí 16,000 sẹ́ẹ̀lì onírun ló ń dúró dè é níbẹ̀, ní etí kọ̀ọ̀kan. Ìró òkè ń gbọn àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ìró ìsàlẹ̀ ń gbọn àwọn tó wà ní ìkángun. Iṣẹ́ lórí bí ìgbì ìró ṣe ń rìn nínú etí ló fún Georg von Békésy, ọmọ Hungary, ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1961. Àwọn ti ẹnu ọ̀nà ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú, ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà fi lè gbọ́ ohùn rẹ kó má gbọ́ ohun tí o sọ: s, ṣ àti f ti bọ́ sọnù. Bí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí bá kú lára èèyàn, wọn kì í hù mọ́. Ti adìyẹ a máa hù padà.

Kí ariwo má bàa pa sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, NIOSH, àjọ tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kí òṣìṣẹ́ má ṣe lò ju wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ nínú ariwo 85. Bó bá fi mẹ́ta lé, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po méjì, àkókò á sì dín sí ìdajì: wákàtí mẹ́rin ní 88, méjì ní 91. Ní 100, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù.

Lọ́dún 2009, àwọn olùṣèwádìí Sharon Kujawa àti Charles Liberman ní Boston fi ariwo dán eku wò. Àyẹ̀wò fi hàn pé etí àwọn eku náà ti padà bọ̀ sípò, àmọ́ ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti so mọ́ iṣan tó ń lọ sí ọpọlọ ti já, kò sì so padà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lára èèyàn? Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ẹ̀. Ó kàn ṣòroó gbà pé etí tó ń hó di òwúrọ̀ lẹ́yìn òde àríyá kò pàdánù nǹkan kan.

Ohun kan tún wà tí ọ̀rọ̀ Èkó kò gbọdọ̀ fò dá. Ní gbangba, bí èèyàn bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí sípíkà, nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ló ń dín. Nítorí náà, 65 lójú fèrèsé aládùúgbò kì í ṣe ẹgbẹ́ 65 lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bí LASEPA bá fẹ́ kí àríyànjiyàn dín kù, kí wọ́n máa kọ ibi tí wọ́n ti wọn ariwo àti aago tí wọ́n wọ̀n ọ́n mọ́ iye tí wọ́n bá rí. Kí àwọn tó ni sípíkà náà sì yí ojú rẹ̀ sínú ilé, kúrò lójú títì.