Ṣé O Mọ̀? Ìmọ́lẹ̀ Tó Ń Fi Sẹ́ẹ̀lì Hàn Wá Lóòyẹ̀

Sẹ́ẹ̀lì ni Elédùmarè fi kọ́ gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, ìbáà ṣe ewé ẹ̀fọ́, ìbáà ṣe ọmọ ènìyàn. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ojú lásán kò lè rí i. Èyí tó tún ṣòro jù ni kéèyàn rí i nígbà tó ṣì wà láàyè, tó ń rìn, tó ń pín sí méjì. Jẹ́ ká wo bí àwọn onímọ̀ ṣe fi ìmọ́lẹ̀ ṣe é.

Ṣé o mọ̀ pé oníṣòwò aṣọ ló kọ́kọ́ rí bakitéríà? Antonie van Leeuwenhoek ń ta aṣọ ní ìlú Delft, ní ilẹ̀ Netherlands. Kò lọ sí yunifásítì kankan. Ó jókòó ti gíláàsì, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń dán an, títí tí gíláàsì rẹ̀ fi lè sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1676, ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù pé òun rí àwọn ẹ̀dá tíntìntín tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi.

Ṣé o mọ̀ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ rí inú sẹ́ẹ̀lì kedere ní láti pa á ná? Sẹ́ẹ̀lì mọ́ gaara, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Aró ni wọ́n fi ń kùn ún kó tó hàn, aró náà sì ń pa á. Ní àwọn ọdún 1930, Frits Zernike, ará Netherlands, rí ọ̀nà àbáyọ. Ìmọ́lẹ̀ tó gba inú sẹ́ẹ̀lì máa ń pẹ́ díẹ̀ ju èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Zernike sọ ìpẹ́ kékeré yẹn di òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè yà sọ́tọ̀. Sẹ́ẹ̀lì hàn, kò sì kú. Ẹ̀bùn Nobel dé ọwọ́ rẹ̀ ní 1953.

Ṣé o mọ̀ pé inú síńkì ni ọ̀kan nínú àwọn àṣírí tó tóbi jù lọ nínú ìmọ̀ yìí ti tú? Ọmọ ọdún 16 ni Osamu Shimomura nígbà tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí Nagasaki ní 1945. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ǹbù náà kò jẹ́ kó ríran fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ìmọ́lẹ̀ mìíràn ló gbà á lọ́kàn: ti jẹ́lífíìṣì kan, ẹran omi tí kò ní egungun, tí etí ara rẹ̀ ń tàn nínú òkun. Ní 1961, òun àti onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Frank Johnson, lọ sí Friday Harbor ní ìpínlẹ̀ Washington, Amẹ́ríkà, láti mọ ohun tó ń mú un tàn. Ọ̀pọ̀ ọgbọ́n tí wọ́n dá ló já sí pàbó. Lọ́jọ́ kan, Shimomura da oje tó fún nù sínú síńkì, ni ibẹ̀ bá tàn yòò! Omi òkun ti ṣàn wọ inú síńkì náà, èròjà kásíọ̀mù inú omi òkun ló sì mú kí oje náà tàn. Nǹkan bí 10,000 jẹ́lífíìṣì ni wọ́n lò lásìkò yẹn. Níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ oje náà, wọ́n tún rí purotéènì mìíràn, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe: bí ìmọ́lẹ̀ búlúù bá bà á, àwọ̀ ewé ló ń tàn jáde. GFP ni wọ́n ń pè é. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ló fi wà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó mọ iṣẹ́ ńlá tó lè ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó yọ jíìnì GFP, ìyẹn àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀lé láti ṣe é, sọ́tọ̀ kò sí lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀? Douglas Prasher parí iṣẹ́ náà ní 1992. Owó ìwádìí rẹ̀ tán, ó sì fi jíìnì náà ránṣẹ́ sí onímọ̀ méjì, Martin Chalfie àti Roger Tsien. Chalfie fi í sínú aràn kan tí kò gùn ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Ní 1994, ó fi han gbogbo ayé pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí aràn náà fi ń mọ̀ bí nǹkan bá kàn án ń tàn láwọ̀ ewé, aràn náà sì ń jẹ̀ kiri láìsí ewu. Ohun tó mú GFP ṣeyebíye ni pé sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Bí a bá so jíìnì rẹ̀ mọ́ ti purotéènì mìíràn, ibi yòówù tí purotéènì yẹn bá gbà, a ó máa rí i. Tsien fi àwọ̀ mìíràn kún un. Purotéènì kan láti ara iyùn òkun ló sọ di oríṣiríṣi àwọ̀ pupa, tó sì fún lórúkọ èso: mCherry, mOrange, mPlum. Shimomura, Chalfie àti Tsien gba Nobel ní 2008. Lásìkò yẹn, Prasher ń wakọ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta mọ́tò ní Alabama. Chalfie àti Tsien sanwó kí òun àti ìyàwó rẹ̀ lè bá wọn dé Stockholm. Kò yẹ kí a gbàgbé orúkọ Prasher láéláé, nítorí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tọrẹ láìwo ẹ̀yìn.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti fi ọgbọ́n mímú sẹ́ẹ̀lì tàn yìí ṣọ́ kòkòrò ibà lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀? Ní 2006, àwọn onímọ̀ ní Institut Pasteur, ní Paris, lo kòkòrò ibà eku tó ń tàn. Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn gbé e wọ awọ eku, wọ́n sì ń wò ó. Kòkòrò náà kì í kàn bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ń rá kiri nínú awọ títí yóò fi rí iṣan ẹ̀jẹ̀, àwọn kan kì í sì í rí i rárá. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ ní Hamburg, Jámánì, rí i pé bí àwọn kòkòrò yìí bá ń jáde nínú ẹ̀dọ̀, awọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ náà ni wọ́n fi ń bora, kí ara má baà dá wọn mọ̀. Ibà ṣì ń gba ọmọ lọ́wọ́ wa. Ìwádìí báyìí ń fi ibi tí oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ti lè ká a mọ́ hàn.

Ṣé o mọ̀ pé òfin kan wà tí wọ́n fín sára òkúta, tí ọ̀pọ̀ gbà pé kò ṣeé rú? Ní 1873, Ernst Abbe kọ ọ́ ní Jena, Jámánì, pé bó ti wù kí gíláàsì dára tó, bí ohun méjì bá sún mọ́ra jù, ọ̀kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ yóò fi wọ́n hàn. Ààlà náà jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà kan tí a pín sí ọ̀nà 5,000. Stefan Hell, tí wọ́n bí ní Romania, kò gbà pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Ní 1994, ó dábàá pé kí lésà kan mú kí sẹ́ẹ̀lì tàn, kí lésà kejì, tó ní ihò láàárín, pa etí ìmọ́lẹ̀ náà, kó lè ku ojú tíntìn kan. Ní 2000, ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé inú pálọ̀ ni wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ mìíràn tó fo ààlà yẹn? Eric Betzig ti fi ìwádìí sílẹ̀, ó lọ bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ. Nígbà tó padà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Harald Hess, kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Pálọ̀ Hess ní Kalifóníà ni wọ́n ti to ẹ̀rọ náà. Bí ẹgbẹ̀rún tanátaná bá tàn pa pọ̀ lórí igi kan, ìmọ́lẹ̀ ràgàjì kan lojú yóò rí. Bí wọ́n bá ń tàn níkọ̀ọ̀kan, a lè tọ́ka sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bà sí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì ní 2006. Betzig, Hell àti onímọ̀ kẹta, W. E. Moerner, jọ gba Nobel ní 2014.

Ṣé o mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń wo sẹ́ẹ̀lì tún lè pa á? Bó bá pọ̀ jù, ó ń bí èròjà olóró nínú rẹ̀. Ní 2004, ikọ̀ Ernst Stelzer ní Heidelberg tan ìmọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ láti ẹ̀gbẹ́, tó fi jẹ́ pé ibi tí wọ́n ń wò nìkan ló ń bà. Ní 2008, wọ́n fi irú ẹ̀rọ yìí tọ ipasẹ̀ sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ ẹja kan fún wákàtí 24. Ní 2018, ikọ̀ Philipp Keller ní Virginia wo ọlẹ̀ eku títí ọkàn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ilé-ìwé lè ní maikirosíkóòpù (ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tíntìntín di ńlá) tirẹ̀? Ní 2014, Manu Prakash àti Jim Cybulski, ní yunifásítì Stanford, gbé Foldscope jáde, èyí tí wọ́n fi bébà ká. Nígbà yẹn, ohun èlò rẹ̀ kò tó dọ́là kan, ó sì ti dé ọwọ́ ènìyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ.

Shimomura kò mọ ohun tí GFP yóò wúlò fún. Ó kàn fẹ́ mọ ìdí tí jẹ́lífíìṣì fi ń tàn ni. Nítorí náà, ìwọ òbí, ìwọ olùkọ́, bí ọmọ bá bi ọ́ pé kí ló wà nínú ẹ̀kán omi kan, má pa á lẹ́nu mọ́. Bá a wá gíláàsì, kí ẹ jọ wò ó.