Èèpo Edé: Ẹrù Ààtàn Tó Di Ohun Èlò

Kítínì ni èròjà tó ń mú kí èèpo edé, akàn àti alákàsà le. Ó wà lára kòkòrò, ó sì wà lára olú. Inú olú gan-an ni Henri Braconnot, ará Faransé, ti kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1811. Ẹyọ kéékèèké tó jọ ṣúgà ló so mọ́ra wọn gbọọrọ, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn, tó fi di kítínì. Irú okùn bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú òwú.

Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń bó edé àti akàn fún títà, orí àti èèpo ló ń ṣẹ́kù. Lágbàáyé, èèpo tó ń ṣẹ́kù bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 6 sí 8. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń dà sí ààtàn tàbí sínú òkun, tó ń jẹrà, tó ń rùn. Bẹ́ẹ̀, nǹkan mẹ́ta tó níye lórí ló wà nínú rẹ̀: purotéènì, kálísíọ́mù kábónétì, tí ìkarahun ìgbín kún fún, àti kítínì.

Láti yọ kítínì, wọ́n á fọ èèpo, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ásíìdì tí wọ́n ti bu omi là. Kálísíọ́mù kábónétì á hó, á sì yọ́. Sódà, irú èyí tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, ló ń bọ́ purotéènì kúrò. Kítínì tó kù kì í yọ́ nínú omi, ìlò rẹ̀ kò sì pọ̀. Ní 1859, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Charles Rouget sè é nínú pọ́táàṣì líle, ó sì di ohun tó ń yọ́ nínú ásíìdì díẹ̀, irú ti fínígà. Ohun yìí là ń pè ní kítósánì. Sódà gbígbóná ni ilé iṣẹ́ ń lò fún iṣẹ́ náà lónìí.

Nígbà tí kítósánì bá yọ́, ó ń fa àwọn ohun tí iná mànàmáná ara wọn jẹ́ òdìkejì tirẹ̀ mọ́ra. Ó ń fa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì dá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ṣe bándéèjì. Ọdún 2002 ni Amẹ́ríkà fàṣẹ sí irú rẹ̀ kan, tí àwọn ọmọ ogun wọn lò ní Iraq àti Afghanistan. Nínú omi, ó ń kó ìdọ̀tí jọ kó lè rọlẹ̀, bí álọ́ọ̀mù ṣe ń ṣe. Bí wọ́n bá fi pa èso lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èso náà kì í tètè bàjẹ́. Ní Siglufjörður ní Iceland, ìlú apẹja, ilé iṣẹ́ Primex ń ṣe é láti ara èèpo edé òkun tútù.

Kítósánì tí wọ́n tẹ́ bí ọ̀rá tí a fi ń di nǹkan máa ń fa omi mọ́ra, nítorí náà kò tíì lè rọ́pò ọ̀rá níbi gbogbo. Purotéènì rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò dáadáa nítorí àwọn tí edé kì í bá lára mu. Èyí tó ṣòro jù ni omi ásíìdì àti sódà tó ń ṣàn jáde nílé iṣẹ́, tí wọ́n gbọ́dọ̀ sọ di mímọ́ kó tó dé odò. Ọ̀nà tó rọ̀ jùyẹn ni kí wọ́n mú èèpo náà kan pẹ̀lú kòkòrò àìfojúrí, irú èyí tó ń mú ògì kan. Ásíìdì tí kòkòrò náà ń pèsè á yọ́ kálísíọ́mù kábónétì, purotéènì á sì tú sínú omi rẹ̀, níbi tí wọ́n ti lè gbà á lò fún oúnjẹ ẹran ọ̀sìn.