Ìwé Ìbéèrè Lọ́nà Ìjàyè

Agogo méje kò tíì lù nígbà tí a dúró lẹ́nu géètì Yunifásítì Ìbàdàn, tí à ń nawọ́ sí mọ́tò Òjóò. Ọmọbìnrin tí mo bá jáde wà ní ọdún tí yóò kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ẹ̀ka Communication and Language Arts. Ọgbọ̀n ìwé ìbéèrè ló kó sínú àpò tó gbé kọ́ èjìká, pẹ̀lú báírò mẹ́fà àti píọ̀ wọ́tà méjì. Pírójẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe. Ó fẹ́ mọ ohun tí àwọn àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé ń fi ọ̀rọ̀ oko tí wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò ṣe.

"Màmá mi rò pé ọdún yìí ni àwọn máa rí mi lórí tẹlifísàn," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín. "Wọn ò mọ̀ pé oko ni mò ń lọ."

N kò bá màmá rẹ̀ wí. Ní Ìbàdàn, níbi tí tẹlifísàn WNTV ti kọ́kọ́ fi àwòrán hàn wá lọ́dún 1959, kò sí òbí tó máa gbọ́ pé ọmọ òun ń kọ́ ìmọ̀ ìròyìn tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wọ kóòtù tó ń ka ìròyìn alẹ́. Bẹ́ẹ̀, Language Arts ni orúkọ tí ẹ̀ka náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, abẹ́ Faculty of Arts ló sì wà, láàárín àwọn onímọ̀ èdè. Yunifásítì Nsukka ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìròyìn láti 1961, Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1966. Nígbà tí 2019 ń parí lọ, àjọ NUC tó ń bójú tó àwọn yunifásítì ní kí wọ́n pín Mass Communication sí ọ̀nà méje. Ọ̀kan nínú méjèèje, development communication, ló sún mọ́ ohun tó gbé wa jáde láàárọ̀ yẹn.

A bọ́ sílẹ̀ ní Òjóò, a wọ Máíkírà tó ń lọ Mọ́níyà. Àwa mẹ́ta lẹ́yìn, èèyàn méjì lórí ìjókòó kan níwájú, bí ìṣe Ìbàdàn. Amúlùúdùn 99.1 ló ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Rédíò ìjọba àpapọ̀ ni, Mọ́níyà gan-an ló fi ṣe ibùjókòó, Yorùbá ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń ka ìkéde òkú. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń dá wọn lóhùn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan: "Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere o." Kò mọ òkú náà rí, rédíò náà kò sì gbọ́ ọ.

A kọjá ọgbà IITA, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣèwádìí irúgbìn láti 1967. Wọ́n ti mú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fún ní orúkọ TMS 30572 jáde níbẹ̀. Ẹ má bi àgbẹ̀ léèrè nọ́mbà yẹn o. "Ágíríìkì" ni wọ́n ń pe gbogbo ẹ̀gẹ́ àwọn oníwàádìí, ó parí.

Ní Mọ́níyà, níbi tí rélùwéè tuntun láti Èkó ń parí ìrìn rẹ̀ sí láti 2021, a gun ọ̀kadà gba ọ̀nà Ìjàyè. Títì náà dán dé Ìṣẹ́yìn, kìlómítà 65. A kò dé Ìjàyè tí Ìbàdàn tú ní 1862. Abúlé kan tó wọnú oko díẹ̀ la yà sí.

Ọ̀dọ̀ baálẹ̀ la kọ́kọ́ lọ. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó fẹ́ fa ìwé yọ, baálẹ̀ ní kó rọra. Ọmọ ta ni? Ìlú wo? Ṣé bàbá rẹ̀ ṣì wà? Ta ló ń san owó ilé ìwé? Ṣé kì í ṣe pé ìjọba tún fẹ́ gba ilẹ̀? Kí ó tó yọ̀ǹda wa, ìbéèrè tó bi wá ti ju ti inú ìwé wa lọ, kò sì mú báírò.

Lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan gáàrí, àwọn obìnrin jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, wọ́n ń bó o. Bàbá àgbàlagbà kan wà lórí àpótí ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé rédíò kékeré tó fi rọ́bà dè sórí itan. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà, ọmọ yìí sì ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń kà á.

"Bàbá, rédíò máa ń ràn yín lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ oko. Ṣé ẹ gbà gidigidi, ẹ gbà, ẹ ò lè sọ, ẹ ò gbà, àbí ẹ ò gbà rárá?"

Bàbá wò ó. "Èwo ni gbígbà tó ju gbígbà lọ, ọmọ mi?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà tún un sọ, ojú ń tì í. Bàbá ní kó fi ìwé sílẹ̀ ná, kó gbọ́ òun. Ó ní lọ́dún kan, òun gbọ́ lórí rédíò pé òjò yóò tètè dé. Òun gbin àgbàdo. Òjò dé lóòótọ́, ó rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ. Àgbàdo hù tán, ó gbẹ. "N ò ní rédíò parọ́. Òjò tí wọ́n ní ó máa rọ̀, ó rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbàdo mi gbẹ, ta ni kí n wí fún? Asọ̀rọ̀mágbèsì ni."

N kò tíì rí olùkọ́ tó là á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpótí rẹdifúṣọ̀n tí àwọn òyìnbó fi wáyà fà wọ ilé àwọn èèyàn, Èkó ní 1935, Ìbàdàn ní 1939, ni àwọn baba wa ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti rí àléébù rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó máa kọ́ wa ní yunifásítì pé ọ̀rọ̀ tí kò ní èsì kò tíì pé. Mo wá wo ìwé tó wà lọ́wọ́ ọmọ yìí. Àpótí márùn-ún wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, bí Rensis Likert ará Amẹ́ríkà ṣe là á sílẹ̀ ní 1932. Ìtàn bàbá kò gba inú ìkankan nínú wọn. Ìwé náà ń béèrè, kò gba èsì. Asọ̀rọ̀mágbèsì kejì ni.

Ó kan ìyá kan tó ń gbọn gáàrí. Ìyá ní òun kì í gbọ́ rédíò, òun ò ráyè. Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ iye tí wọ́n ń ta ẹ̀gẹ́ ní ọjà? "Ọkọ àbúrò mi tó ń gun ọ̀kadà. Ó ń gbọ́ ọ lójú ọ̀nà, tó bá dé, á sọ fún wa. Tó bá ti bínú, a ò ní gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ náà."

"Two-step flow nìyẹn!" Ọmọ náà fò sókè. Ìyá bi mí pé kí ló sọ. Mo ní ó ń yìn wọ́n ni. Kò jìnnà sí òótọ́: ní 1940, Paul Lazarsfeld àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rìn láti ilé dé ilé ní Ohio kí wọ́n tó rí i pé àwọn díẹ̀ ló ń gbọ́ rédíò tí wọ́n sì ń sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ọlọ́kadà wà nínú ìwé ìbéèrè. Ó fi báírò kọ ọ́ sí etí ìwé.

Èrò tèmi kò lọ́jú pọ̀. Kí irú ìwé báyìí tó kúrò ní ọgbà yunifásítì, ó yẹ kó ti di Yorùbá, kí àgbàlagbà kan ní àdúgbò Agbowó sì ti dáhùn rẹ̀ kó sì fi rẹ́rìn-ín, kí a lè tún un kọ. Ọmọ tó lè ka ìròyìn ní Gẹ̀ẹ́sì láìkọsẹ̀, tí kò rí Yorùbá tó máa fi bi àgbẹ̀ ní ìbéèrè, kò tíì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a padà sí Mọ́níyà. Wọ́n fún wa ní gáàrí kóńgò kan, wọn ò gba owó. Nínú ọkọ̀, ó ka ìwé rẹ̀: mọ́kànlélógún ló ti kún. Mo ní kó fi ti bàbá hàn mí. Níwájú ìbéèrè nípa ìrànlọ́wọ́ rédíò, "ẹ ò lè sọ" ló máàkì fún un.

Ohùn bàbá náà wà lórí fóònù mi. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló fi sọ ọ́.