Bí New York Ṣe Fi Kíka Ọjọ́ Sílẹ̀ Bọ́ Sórí Kíka Wákàtí

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ọjọ́ ni ìpínlẹ̀ New York ń kà fún ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́ àìríṣẹ́ṣe, kì í ṣe wákàtí. Ẹni tó bá fi wákàtí kan péré gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan lójú òfin. Ọjọ́ kan a gbé ìdá kan nínú mẹ́rin owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ, ọjọ́ mẹ́rin a kó gbogbo rẹ̀. Bí owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà bá sì kọjá dọ́là 504, kò ní gba kọ́bọ̀, ì báà jẹ́ ọjọ́ kan ló fi pa á.

Ká ní obìnrin méjì ń gba dọ́là 400 lọ́sẹ̀ nígbà náà, tí owó wákàtí kan lẹ́nu iṣẹ́ sì jẹ́ dọ́là 15. Ọ̀kan ń bá wọn tọ́jú arúgbó láàárọ̀, wákàtí méjì-méjì fún ọjọ́ mẹ́rin: dọ́là 120 ló pa, dọ́là 400 rẹ̀ sì wọmi. Èkejì ṣe wákàtí 10 lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó pa 450, wọ́n ṣì fún un ní 100 lé e. Ẹni tó ríṣẹ́ jù mú 550 relé. Ẹni tí iṣẹ́ ò kárí mú 120. Ìrẹ́jẹ gbáà ni.

Ayé ilé iṣẹ́ ńláńlá ni ètò yìí ti wá. Gómìnà Herbert Lehman fọwọ́ sí òfin New York ní 1935, lásìkò tí ọ̀dá owó gbòde, kí Ààrẹ Roosevelt tó fọwọ́ sí ti gbogbo Amẹ́ríkà ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Ní ilé iṣẹ́ ńláńlá, ọjọ́ iṣẹ́ jẹ́ odidi ọjọ́. Ilé oúnjẹ, ṣọ́ọ̀bù àti iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn nílé, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní Bronx àti Brooklyn mọ̀ dunjú, wákàtí díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pín fúnni.

Àrùn Kòrónà ló tú àṣírí náà. Ní oṣù kẹta 2020, ìjọba àpapọ̀ fi dọ́là 600 kún owó ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí di òpin oṣù keje, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ó kéré tán dọ́là kan gbà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló tọ́ sí. Ní New York, ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bá pè fún wákàtí díẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin pàdánù 600 náà pẹ̀lú. Ta ni yóò fẹ́ padà síbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ní oṣù kìíní 2021, Gómìnà Andrew Cuomo kéde ìyípadà: wákàtí 4 sísàlẹ̀ kò ní dín nǹkan kan kù mọ́. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, wọ́n tún un tò. Wákàtí 10 sísàlẹ̀, kò sí yíyọ. 11 sí 16, ìdá kan nínú mẹ́rin. 17 sí 21, ìdajì. 22 sí 30, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó lé ní 30, ó tán. Obìnrin tó ń tọ́jú arúgbó yẹn yóò gba 400 rẹ̀ pé, pẹ̀lú 120 tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa.

Wọn ò fọwọ́ kan ààlà dọ́là 504 nígbà náà. Ẹni tí owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 400, tó sì fi wákàtí 30 pa 504 géérégé, gba 100 lé e. Ẹni tó pa 505 kò gba nǹkan. Ní California, owó ni wọ́n ń wò, wọn kì í ka ọjọ́: wọ́n á gbójú fo dọ́là 25 tàbí ìdá kan nínú mẹ́rin owó iṣẹ́, èyí tó bá pọ̀ jù, wọ́n á yọ ìyókù. Dọ́là kan tó lé lórí 504 níbẹ̀ yóò mú sẹ́ǹtì 75 lọ. Dọ́là kan náà ní New York nígbà náà mú 100 lọ.